Orí Kẹfà: Giorgio Morandi, Ayàwòrán Tó Fi Àádọ́ta Ọdún Wo Ìgò

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe lẹ́yìn orí yìí

- sọ ìtàn ìgbésí ayé Giorgio Morandi láti 1890 títí di 1964;
- ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ásíìdì fín àwòrán sára páànù;
- dárúkọ ohun mẹ́ta tí Morandi máa ń ṣe sí àwọn ohun èlò rẹ̀ kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì;
- wo ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí.

1. Ìbéèrè kan ká tó bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá ní ẹnì kan jẹ́ ayàwòrán, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń retí ni pé yóò ya ọba lórí ìtẹ́, tàbí ojú ogun, tàbí ọjà tó kún fọ́fọ́, tàbí arẹwà obìnrin kan. Morandi kò fi ìwọ̀nyí ṣe iṣẹ́. Ìgò ló ń yà. Ó ya ife, ó ya abọ́, ó ya agolo, ó ya àpótí kékeré, ó ya àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò. Bí ó bá gbójú kúrò lórí tábìlì, á yọjú lójú fèrèsé, á ya ilé tó kọjú sí i. Bí ìgbà ooru bá dé, á gun òkè lọ, á ya òkè. Lẹ́yìn náà, á tún padà sídìí ìgò.

Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán olóròóró rẹ̀ tí a mọ̀ lé ní 1,300, tábìlì àti ẹrù orí rẹ̀ ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Ènìyàn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, àyàfi ìwọ̀nba ìgbà tó ya ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn ilé ọnà ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Báwo ni ìgò ṣe wá tó í yà fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn? Bí ọbẹ̀ ìyá kan kò bá dùn tó, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ló fà á, kò ní pààrọ̀ ata, epo àti ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Iyọ̀ nìkan ni yóò yí, yóò sì tọ́ ọ wò. Ohun tí Morandi ṣe nìyẹn. Ó so ilé mọ́lẹ̀, ó so yàrá mọ́lẹ̀, ó so tábìlì àti ohun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ohun kan ṣoṣo lè máa yí padà: bí ojú ṣe ń rí wọn.

2. Ilé kan, yàrá kan

Ọjọ́ 20 oṣù July, ọdún 1890, ni wọ́n bí Giorgio Morandi ní Bologna, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Ítálì. Ìlú àtijọ́ ni Bologna. Yunifásítì rẹ̀ wà lára àwọn tó dàgbà jù lágbàáyé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó sì bo ẹ̀gbẹ́ títì rẹ̀ débi pé ènìyàn lè rìn jìnnà nínú òjò láì tutù. Ògiri ibẹ̀ máa ń ní àwọ̀ bíríkì, àwọ̀ ilẹ̀ pupa àti àwọ̀ yànrìn. Ẹni tó bá ti rìn ní ìlú yìí yóò dá àwọ̀ wọ̀nyí mọ̀ nígbà tó bá tún pàdé wọn lára ìgò Morandi.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì, ti òwò, ni Andrea, bàbá rẹ̀, ń ṣe. Ó mú ọmọ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé ọkàn ọmọ kò sí níbẹ̀. Bàbá kú ní 1909. Giorgio ni àkọ́bí, ẹrù ilé sì bọ́ sí i léjìká: ìyá rẹ̀, Maria Maccaferri, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin mẹ́ta, Anna, Dina àti Maria Teresa. Wọ́n kó lọ sí ilé kan ní òpópónà Via Fondazza. Òpópónà náà ni Morandi gbé títí ó fi kú. Kò gbéyàwó. Àwọn àbúrò náà kò lọ́kọ. Ìyá wọn wà láàárín wọn títí di 1950.

Yàrá tó ń sùn ni yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Kò tóbi. Bẹ́ẹ̀dì kékeré kan wà níbẹ̀, àti igi ìgbé-àwòrán-lé, àti tábìlì mélòó kan tí gíga wọn kò dọ́gba, àti ìgò tó tò kalẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí Morandi tó wọ yàrá yìí, àárín yàrá àwọn àbúrò rẹ̀ ló ní láti gbà kọjá. Fèrèsé kan ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé láti àgbàlá.

3. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá ọ̀nà, 1907 sí 1920

Ní 1907, Morandi wọ Accademia di Belle Arti, ilé ẹ̀kọ́ ọnà ìlú Bologna. Nígbà tó fi máa parí ní 1913, òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ mọ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ kọ́ ló ń wá. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Faransé ló gbà á lọ́kàn. Kò sì lọ bá wọn. Kò dé Paris rí láyé rẹ̀. Inú ìwé ló ti kọ́kọ́ pàdé iṣẹ́ Paul Cézanne, nínú fọ́tò dúdú àti funfun.

Ẹ ro ìyẹn wò. Àwọ̀ wà lára ohun tó sọ Cézanne di olókìkí, àmọ́ Morandi kọ́kọ́ rí i láìsí àwọ̀. Kí ló wá ṣẹ́kù fún ojú? Bí èso ṣe jókòó sórí tábìlì, bí etí nǹkan kan ṣe fara kan etí èkejì, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti parí tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní 1910, ó lọ sí Florence lọ wo iṣẹ́ Giotto, Masaccio àti Paolo Uccello, àwọn ayàwòrán àtijọ́ tí ènìyàn inú àwòrán wọn dúró gbọn-in bí òpó ilé.

Ẹgbẹ́ Futurist ló gbòde nígbà náà. Ọkọ̀, ẹ̀rọ, eré sísá àti ariwo ìlú ńlá ni tiwọn. Ní 1914, Morandi bá wọn pàtẹ iṣẹ́ ní Rome. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ohun tó gbé wá yóò rí i pé ìgò tirẹ̀ kò sáré lọ síbì kankan. Ní ọdún kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwòrán yíyà, iṣẹ́ tó ṣe fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1915, wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun. Kò pẹ́ tí àìsàn líle fi dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé.

Láàárín 1918 sí 1919, ọ̀nà míràn ṣí. Giorgio de Chirico àti Carlo Carrà ti ń ya irú àwòrán kan tí àwọn ará Ítálì pè ní *pittura metafisica*. Àwòrán àrójinlẹ̀ ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Nínú rẹ̀, nǹkan ojoojúmọ́ ń dúró sí ibi tí kò yẹ kó dúró sí, òjìji rẹ̀ le, ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí onílé ti kúrò. Morandi ya orí ère tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ó ya bọ́ọ̀lù, ó ya ọ̀pá àti àpótí, etí gbogbo wọn mú bí abẹ. Mario Broglio, tó dá ìwé ìròyìn *Valori Plastici* sílẹ̀ ní Rome, gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì kó o mọ́ ti àwọn yòókù lọ sí àfihàn ní Jámánì.

Nígbà tó fi máa di 1920, Morandi ti kúrò ní ọ̀nà náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò kọ ìwé ta kò wọ́n. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà nìkan ló mú dání padà sídìí tábìlì rẹ̀.

4. Iṣẹ́ fífín: àwòrán tí ásíìdì jẹ

Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń fín igbá yóò tètè lóye apá yìí. Lára igbá, ọ̀bẹ ló ń gé. Lára páànù bàbà tàbí síńkì, ásíìdì ló ń jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé:

(a) Wọn á fi ohun bí ìda bo ojú páànù pátápátá.
(b) Ayàwòrán á fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sára ìda náà, tí páànù á fi hàn síta níbi tí abẹ́rẹ́ bá ti gbà.
(c) Wọn á ti páànù bọ inú ásíìdì. Ibi tí ìda bò kò ní mì. Ibi tó ṣí ni ásíìdì á jẹ wọlé.
(d) Wọn á nu ìda kúrò, wọn á fi yíǹkì pa páànù, wọn á tún nu ojú rẹ̀ títí yíǹkì á fi kù sínú ojú ìlà nìkan.
(e) Wọn á tẹ́ bébà tútù lé e, wọn á sì tì í gba abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bébà á fa yíǹkì jáde, àwòrán á sì hàn, tòun ti pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti di òsì.

Morandi kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ìwé àtijọ́ ló fi kọ́ ara rẹ̀, iṣẹ́ Rembrandt, ayàwòrán àtijọ́ kan, sì wà lára ohun tó ń wò. Kò sí ọ̀dà níbí, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá fẹ́ òkùnkùn, ìlà ni yóò fi bo ìlà, bí ẹni ń hun ẹní. Bí ó bá fẹ́ funfun, yóò fi bébà sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ìgò tó mọ́lẹ̀ jù nínú iṣẹ́ fífín rẹ̀ ni ìgò tí kò yà rárá: àwọn ìlà tó yí i ká ló jẹ́ kó hàn.

Páànù tó fín láyé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 130. Ní 1930, Accademia tó ti kẹ́kọ̀ọ́ pè é padà wá láti jẹ́ olùkọ́ àgbà nínú iṣẹ́ fífín. Wọn kò ní kó wá ṣe ìdíje fún ipò náà, orúkọ rẹ̀ ti tó. Ó wà níbẹ̀ títí di 1956.

5. Ohun tó ń ṣe kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì

Àwọn tó wọ yàrá Morandi sọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, a sì lè to iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ sí ìpele mẹ́ta.

*Àkọ́kọ́, ó ń bọ́ ohun èlò ní ìhòòhò.* Tí ìgò bá ní lébẹ́ẹ̀lì, á bó o kúrò, kí ó má baà sọ pé wáìnì lòun tàbí òróró. Dígí máa ń dán, dídán a sì máa fa ojú. Nítorí náà, á da ọ̀dà sínú ìgò tàbí kí ó fi ọ̀dà tí kì í dán kùn ún lára. Eruku tó bá bà lé e, ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ní ohun èlò kan tó dà bí agolo, tí wọ́n dojú àrọ dé lórí. Kò sí ilé ìdáná tó ń lò ó. Torí kí wọ́n lè yà á ló ṣe wà.

*Ìkejì, ó ń tò ó.* Èyí ló ń gba àkókò jù. Ó lè lo ọjọ́ mélòó kan kó máa sún ìgò kan síwájú díẹ̀, kó tún fà á sẹ́yìn. Ó máa ń tẹ́ bébà sórí tábìlì, á sì fi pẹ́ńsù yí ìdí nǹkan kọ̀ọ̀kan po, kó lè mọ ibi tó wà lánàá. Bébà náà á wá kún fún òbìrípo àti àmì títí á fi dà bí àwòrán mìíràn.

*Ìkẹta, ó ń dúró de ìmọ́lẹ̀.* Fèrèsé kan náà ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ti ìgbà òtútù kì í ṣe ti ìgbà ooru.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kíkùn fúnra rẹ̀ lè yá. Kánfáàsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ na ló ń lò, àti ọ̀dà tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọjọ́ tí Morandi bá kun àwòrán kọ́ ló ń pa èèrà. Ó ti pa á tán kí ọjọ́ náà tó dé.

6. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ọ̀kan

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tó yà láàárín 1950 sí 1960. *Natura morta* ni àkọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn: orúkọ tí àwọn ará Ítálì ń pe àwòrán ohun àìlẹ́mìí. Ẹ máa wo bí mo ṣe ń kà á.

Tábìlì kan wà, ògiri kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn nínú yàrá. Ohun èlò bíi márùn-ún kó ara wọn jọ sáàárín, wọ́n fún mọ́ra bí ẹbí tó fẹ́ ya fọ́tò. Ìgò funfun ọlọ́rùn gígùn kan, tí ara rẹ̀ ní ìlà yíyí, yọ orí ju àwọn tó kù lọ. Àpótí kéékèèké jókòó níwájú.

Ẹ wo etí wọn nísinsìnyí. Ọwọ́ tó ya ìlà náà kò fi rúlà ṣe é. Ìlà ń gbọ̀n díẹ̀, bí ìgbà tí omi ń mì. Ẹ wo ibi tí àpótí ti fara kan ìgò: èwo ló wà níwájú? Ẹ tún wò ó. Nígbà míì, ìdí àpótí bọ́ sórí etí tábìlì gan-an, débi pé ojú kò mọ̀ mọ́ bóyá orí tábìlì ló wà tàbí ó ti fẹ́ já bọ́. Àlàfo tó wà láàárín ohun èlò méjì pẹ̀lú le bí ohun èlò kẹta. Òjìji wá dúró tirẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síbi fọ́tò náà.

Àwọ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá sáré wò ó, yóò ní àwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èdè wa wò ó. Funfun, pupa àti dúdú ni igi mẹ́ta tí Yorùbá fi di àwọ̀ mú, ohun tó bá sì kù, ohun tó jọ la fi ń pè é. Morandi yóò fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ dá wa lágara. Funfun ìgò yìí kì í ṣe funfun ẹfun. Ó sún mọ́ funfun wàrà. Ti àpótí dà bí eyín erin tó ti pẹ́. Ti ògiri jẹ́ eérú tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lórí rẹ̀, tó ṣì ní pupa díẹ̀ nínú. Ẹni tó bá lè dárúkọ funfun mẹ́rin nínú àwòrán kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí Morandi.

Òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn tó wá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò pé kò sí ohun tó jẹ́ àfinúrò, tó sì jìnnà sí òtítọ́, ju ohun tí a ń rí lójú gan-an lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti wo etí tábìlì náà dáadáa.

7. Grizzana, ìjọba Mussolini àti ogun

Láti 1913 ni ẹbí Morandi ti ń lọ lo ìgbà ooru ní Grizzana, abúlé kan lórí àwọn òkè Apennine láàárín Bologna àti Florence. Níbẹ̀ ló ti ń ya ọ̀nà eléruku, igi, àti ilé abúlé tí kò sí ènìyàn kankan lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ó ṣe ń ya ìgò náà ló ń ya ilé: ó jókòó gbọn-in, ìmọ́lẹ̀ bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa pe Morandi ní ajẹ́jẹ̀ẹ́ adánìkangbé tí kò mọ ohun tó ń lọ láyé. Ìtàn kò gbè wọ́n. Nígbà tí Mussolini, olórí àwọn Fasísì, gorí oyè ní Ítálì ní 1922, Morandi kò bá a jà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi Leo Longanesi àti Mino Maccari, tí wọ́n ń gbé ayé ìgbèríko lárugẹ nínú ìwé ìròyìn wọn lábẹ́ ìjọba Fasísì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ polongo iṣẹ́ rẹ̀. Ó pàtẹ nínú àwọn àfihàn tí ìjọba náà ṣe, abẹ́ ìjọba náà ló sì ti gba ipò olùkọ́ àgbà. Lọ́wọ́ kejì, ó ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn tó ń ta ko ìjọba, bíi Carlo Ludovico Ragghianti, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ díẹ̀ ní 1943. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú apá kan tó ju èkejì nù kò tíì mọ Morandi.

Ọdún 1943 kan náà ló kó lọ sí Grizzana nítorí bọ́ǹbù tó ń rọ̀ sórí Bologna. Ó ya òkè lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí oṣù September 1944 ń parí lọ tí October ń wọlé, ọmọ ogun Násì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ará abúlé, tàgbà tèwe, ní agbègbè Monte Sole tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti mọ èyí, àwọn ilé tí kò sí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà wọn kò rọrùn í wò mọ́.

8. Òkìkí wá bá a nílé

Ní 1934, Roberto Longhi, onímọ̀ ìtàn ọnà tí gbogbo Ítálì ń bọ̀wọ̀ fún, ń ṣí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Bologna. Ó sọ̀rọ̀ lórí àwọn àgbà ayàwòrán Bologna láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó sì fi orúkọ Morandi kádìí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù tó wà láàyè. Lẹ́yìn ogun, ẹ̀bùn tẹ̀ lé ara wọn: ti Venice Biennale, àfihàn ọnà ńlá kan ní Ítálì, ní 1948, ti São Paulo ní Brazil fún iṣẹ́ fífín ní 1953, àti ti São Paulo kan náà fún àwòrán kíkùn ní 1957. Ní 1956, ó lọ sí Switzerland lọ wo àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Winterthur. Ó tó nǹkan bí ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin nígbà náà.

Òkìkí kò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí Francesco Arcangeli, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ ìwé ńlá lórí iṣẹ́ rẹ̀, Morandi kò fara mọ́ bí ó ṣe so òun pọ̀ mọ́ àwọn ayàwòrán ìgbàlódé, ọ̀rọ̀ náà sì da àárín wọn rú. Ẹni tó ń fi pẹ́ńsù sàmì sí ìdí ìgò kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn sún òun kúrò níbi tó dúró.

Morandi, tó ti ń mu sìgá tipẹ́, kú sí Bologna ní ọjọ́ 18 oṣù June, ọdún 1964. Ní 1985, Grizzana fi orúkọ rẹ̀ kún tirẹ̀, ó di Grizzana Morandi. Ní 1993, Bologna ṣí Museo Morandi, pẹ̀lú iṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ Maria Teresa fi ta ìlú lọ́rẹ. Ilé Via Fondazza náà ti ṣí fún àlejò láti 2009, àwọn ìgò sì wà níbẹ̀.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan

*Àwòrán olóròóró:* àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ òróró kùn.
*Àwòrán àrójinlẹ̀:* irú àwòrán tí de Chirico àti Carrà bẹ̀rẹ̀, níbi tí ohun ojoojúmọ́ ti di àjèjì.
*Iṣẹ́ fífín:* àwòrán tí wọ́n tẹ̀ láti ara páànù tí ásíìdì ti jẹ.
*Natura morta:* àwòrán ohun àìlẹ́mìí, bí ìgò, èso tàbí abọ́.

Ìdánrawò

1. Kí ni Morandi rí kọ́ nínú fọ́tò dúdú àti funfun tí ì bá má tètè rí ká ní àwọ̀ wà níbẹ̀?
2. To ìpele márùn-ún tí iṣẹ́ fífín ń gbà. Kí nìdí tí apá tó funfun jù fi jẹ́ apá tí ayàwòrán kò fọwọ́ kàn?
3. Kí nìdí tó fi ń bó lébẹ́ẹ̀lì kúrò lára ìgò? Fi ọ̀rọ̀ tìrẹ dáhùn.
4. "Adánìkangbé ni Morandi, kò mọ ohun tó ń lọ láyé." Ṣé òótọ́ ni? Fi ẹ̀rí láti apá 3, 7 àti 8 gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.
5. Mú ohun mẹ́ta láti ilé ìdáná ilé rẹ. Tò wọ́n sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí o sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ìdí wọn. Ya wọ́n ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Kọ ohun tó yí padà sílẹ̀. Bí o bá kọ pé kò sí, ya wọ́n lọ́la.